Sí Àbúrò Mi Tó Gba Láísẹ́ǹsì Tówìn ní Texas

Àbúrò mi,

Mo rí fọ́tò tí o gbé sórí WhatsApp. Káàdì láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọ̀tún, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tówìn lọ́wọ́ òsì, agbádá lọ́rùn, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ojú ti ọ̀tá. O kú oríire. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ọ̀tá wo? Gbogbo ọ̀tá tí mo mọ̀ pé o ní láyé níbí, onítówìn ni wọ́n. Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò ní Ojúẹlẹ́gba bí o bá ti rí ọkọ̀ wọn lókèèrè? Ìwọ tí o búra ní Yaba pé ẹni tó bá ń wọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹun kò ní kú ikú ire? Ó dáa. Houston ti gbà ọ́, ìwọ náà ti di onítówìn. Kí Ọlọ́run má ka ìbúra yẹn sí ọ lọ́rùn.

Mo jókòó ka òfin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún ọ ní káàdì, torí mo mọ̀ pé ìwọ ò kà á. Ọ́fíìsì ìjọba tó fọwọ́ sí i, TDLR, tí o ń pè ní “àwọn aláṣẹ ọ̀nà” bí ẹni pé o ti joyè, àwọn náà ló ń fún onígbàjámọ̀ ní láísẹ́ǹsì, àti àwọn tó ń ṣe iná mànàmáná, àti abẹ̀ṣẹ́kùùbíòjò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tówìn wà tẹ́lẹ̀ ní Texas. Ọdún 2007 ni wọ́n kó o lọ bá àwọn onígbàjámọ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ìyá wa tó ń dirun ní òpópónà Bissonnet ní Houston. Ọ́fíìsì yìí kan náà ni wọ́n ń sá fún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2015 ni òfin Texas ti tú wọn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè láísẹ́ǹsì nítorí irun dídì. Onídìrí gba òmìnira, onítówìn wọ gàù, ó tún ń ya fọ́tò gàù.

Wo ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ wò nínú ìwé àwọn ọ̀daràn. Iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ gbọ́dọ̀ ní ètò àyẹ̀wò oògùn olóró àti ọtí, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí o tọ̀ sínú ike, má sọ pé wọ́n fi ojú di ọmọ ọlọ́lá. Ọkọ̀ náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ àti ínṣọ́ránsì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ iléeṣẹ́, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì sí i lára. Ní Èkó tiwa, wọ́n lè wọ́ mọ́tò rẹ lọ kí o máa bi onígúgúrú pé ta ló gbé e. Níhìn-ín, ẹni tó fẹ́ ṣépè ti ní orúkọ àti nọ́ńbà tí yóò fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ti àmì ni mo fẹ́ràn jù. O ò kàn lè rí mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù kí o gbé e. Àmì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, tó dojú kọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ wọlé, tó ní àwòrán ọkọ̀ tówìn ní pupa lórí funfun, tó sọ ẹni tó lè páàkì níbẹ̀, àsìkò tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀, àti nọ́ńbà tí ọlọ́kọ̀ máa pè. Wọ́n tilẹ̀ wọn ibi tó máa dúró: etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ga ju 8 lọ. Àbúrò, ta ni yóò jókòó ronú irú èyí, bí kò bá ṣe pé ẹnì kan ti rí àmì tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn òdòdó, tí ẹlòmíràn sì rí èyí tí wọ́n kàn mọ́ orí òpó níbi tí ẹyẹ nìkan ti lè kà á? Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé onítówìn kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ni ilẹ̀ ní owó nítorí ọkọ̀ tó bá gbé níbẹ̀. O mọ ohun tó fà á. Ọmọ Èkó ni ọ́.

Bí o bá sì ti fi ìwọ̀ kọ́ mọ́tò tán, àmọ́ tí o kò tíì gbé e jáde, tí ìyàwó ilé kan sáré dé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́ àti bàtà kan lẹ́sẹ̀, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó san owó ìtúsílẹ̀, kí o sì sọ mọ́tò rẹ̀ kalẹ̀. Bí o kò bá tíì kọ́ ọ tán, kò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀. Bí o bá gbé e lọ láìtọ́, ó ní ọjọ́ 14, láìka Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi, láti kọ̀wé sí kọ́ọ̀tù kékeré tí wọ́n ń pè ní justice court. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin náà lè san $1,000 pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀.

Ibí yìí ni inú ti bí mi sí àwọn èèyàn wa ju bó ṣe bí mi sí ọ lọ. Wọ́n á san owó, wọ́n á gba mọ́tò, wọ́n á ní àwọn fi onítówìn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọjọ́ 14 á sì kọjá. Ọlọ́run gbọ́, adájọ́ ò gbọ́. Ìjọba kò rán ẹnikẹ́ni láti máa tẹ̀lé ọ kiri lóru. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá sọ̀rọ̀, o lè fi gbogbo òfin yẹn ṣe ìrọ̀rí.

Ní ti ojú ọ̀nà, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé ní Houston, àwọn onítówìn máa ń sáré díje lọ síbi ìjàǹbá tẹ́lẹ̀, kí Bill White, olórí ìlú nígbà náà, tó gbé ètò SafeClear kalẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2005, tí wọ́n pín ọ̀nà márosẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́, tí wọ́n ní kí wọ́n dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 6. Ṣùgbọ́n ní Chattanooga, ìlú tí Ernest Holmes ti ṣe ọkọ̀ tówìn àkọ́kọ́ ní 1916, ògiri kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn onítówìn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ sí. Òfin ní kí ẹni tó bá rí iná ọkọ̀ rẹ yà kúrò ní láìnì tó sún mọ́ ọ, tàbí kó dín eré kù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń ṣe é. Wọ ẹ̀wù tó ń dán yẹn. Màmá kò bí ọ fún Southwest Freeway.

Ó ku ti ayẹyẹ Sátidé. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo kà yìí sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, láti orí àmì dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Alága ti ra tépù, ó ní òun máa wọn àmì tó wà níwájú gbọ̀ngàn kí wọ́n tó gbé àga kalẹ̀. Ìyá Ìjọ náà ti ń béèrè ibi tí justice court wà. Wọ́n sì ti mọ̀ pé onítówìn ni ọ́. Bí o bá ń bọ̀ síbi ayẹyẹ náà, mo bẹ̀ ọ́, Corolla ni kí o gbé wá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ