Pápá Kún London, Àyè Dróònù Ò Sí

Bí ẹ bá yẹ páálí ọ̀pọ̀ nínú àwọn dróònù DJI Mini wò, ẹ óò rí i pé ìwọ̀n wọn ò ju gíráàmù 249 lọ. Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó kúkú pé 250? Òfin ni. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, orí gíráàmù 250 ni òfin ti ń le, àwọn tó ṣe é sì fi gíráàmù kan sá fún wàhálà. Nígbà tí Mavic Mini jáde ní 2019, ti Japan wọn gíráàmù 199, torí pé 200 ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tó di 2022, Japan já a wálẹ̀ sí 100. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ò gbẹ́yìn: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ẹnikẹ́ni tí dróònù rẹ̀ bá ti tó gíráàmù 100 gbọ́dọ̀ ṣèdánwò kó tó gbé e sókè. Àwọn tó torí gíráàmù kan yẹn rajà wá ń wo ara wọn lójú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀gbẹ́ni kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fi Peckham ṣe ilé. Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ra ẹ̀fọ́ rí ní Rye Lane, ẹ ti pàdé rẹ̀. Torí Ojúde Ọba ló ṣe ra dróònù. Ó ti wo fídíò bí àwọn régbérégbé ṣe ń wọ́ lọ síwájú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin bọ̀, tí kámẹ́rà sì ń rábàbà lókè orí gbogbo wọn. Ó fẹ́ ya ẹgbẹ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èèyàn kì í kọ́ṣẹ́ lórí ẹṣin Balógun. Ó ní láti mọ̀ ọ́n wà ní London kó tó mú un délé.

Ìwé rẹ̀ ò le. CAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìdánwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè 40, ẹni tó bá gba 30 ti yege, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bó o bá fìdí rẹmi, o tún un ṣe. Ọmọdé pàápàá lè ṣe é bí òbí bá jókòó tì í, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ti gba Flyer ID, nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ẹni tó bá yege, nígbà tí bàbá ṣì ń wá gíláàsì ojú. Ibi tí bàbá ti wúlò ni Operator ID, nọ́ńbà ẹni tí dróònù wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè gbà á, owó rẹ̀ tó lé díẹ̀ ní pọ́ùn mẹ́wàá sì ń jáde lọ́dọọdún. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un gbọ́dọ̀ wà lára dróònù, ní lẹ́tà gàdàgbà tó ga ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Ọ̀gbẹ́ni wa fi bírò dúdú kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń fi àga yáni lóde ìnáwó ṣe ń fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sẹ́yìn àga wọn. Wákàtí méjì ò pé tó fi parí gbogbo ẹ̀. Ó ku ibi tí yóò ti fò.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Koríko pọ̀ ní London ju bí ẹni tó ti Mushin wá ṣe lè gbà gbọ́ lọ. Àmọ́ Hyde Park, Greenwich Park àti Richmond Park, ọgbà ọba ni wọ́n, àwọn tó ń ṣàkóso wọn ò sì fẹ́ rí dróònù níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Wọn ò gbà á ní Hampstead Heath. Ní àárín ìlú, òfin pàtàkì wà lórí òfuurufú Hyde Park, ti City, àti ti Isle of Dogs. O ò lè gbé e sókè níbẹ̀ láìgbàṣẹ bó ti wù kó kéré tó. Bó o bá yà sápá ìlà-oòrùn, pápákọ̀ òfuurufú London City fa ìlà tí dróònù ò gbọ́dọ̀ kọjá yí ara rẹ̀ ká. Bó o bá sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, Heathrow ń dúró dè ọ́. Ilẹ̀ National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àjogúnbá, ńkọ́, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń mu tíì? Wọ́n ní rárá. Ti káńsù ló wá ṣẹ́ kù, púpọ̀ nínú àwọn káńsù London náà sì ti fi òfin de pápá wọn, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́tà lèèyàn máa kọ, tí yóò sì máa retí èsì.

Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé òfin òkè fúnra rẹ̀ ò rorò. Bí o ò bá kọjá mítà 120, tó o ń fojú rí dróònù rẹ, tó ò fò lórí èrò, tó o sì jìnnà sí pápákọ̀, CAA ò bá ọ jà. Dróònù tí ò tó gíráàmù 250 tilẹ̀ lè súnmọ́ ilé àti èèyàn. Ojú ọ̀run ti gbà. Koríko tó o fẹ́ gbé e kà kó tó gbéra ni ò gbà. Ọ̀gbẹ́ni wa ní ẹ̀yìnkùlé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé Peckham ò ju kí èèyàn tẹ́ ẹní méjì sí i lọ. Ìgbà tó gbé e kọjá ọgbà díẹ̀, aládùúgbò yọ sójú fèrèsé, ó bi í tẹ̀ríntẹ̀rín bóyá aṣọ tóun sá ló ń yà. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rín òyìnbó mọ̀ pé ìjà nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbẹ̀rù lásán ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, bí ọdún Kérésì ṣe ń wọlé, àwọn kan ní àwọn rí dróònù lókè Gatwick. Wọ́n ti pápákọ̀ náà pa, nǹkan bí 1,000 ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀rọ̀ dé bá, tèrò tèrò wọn tó bí 140,000. Títí di òní, wọn ò rí ẹni tó ṣe é mú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ìforúkọsílẹ̀ di dandan.

Ibi tí irú ọ̀gbẹ́ni wa ti ń rí àyè nígbẹ̀yìn ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú kékeré àfiṣeré. Àjọ wọn, BMFA, ti wà láti 1922, ó sì ní ẹgbẹ́ káàkiri ìlú, tó fi mọ́ Kent tí ò jìnnà sí Peckham. Pápá àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Èèyàn á débẹ̀ láàárọ̀ Sunday, á bá àwọn bàbá arúgbó lórí àga onírin, fúláàsì tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n ń tún ìyẹ́ àwòṣe ọkọ̀ ogun Spitfire tí wọ́n fi pákó balsa kàn. Kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ, wọ́n á béèrè ìwé ìdójútòfò rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí olùkọ́ tó dà bíi wọn. Wọn ò ní jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni wa sáré. Wọ́n á ní kó gbé e sókè ní mítà méjì, kó dá a dúró síbẹ̀, kó má ṣe nǹkan kan mọ́ títí bátìrì fi máa fẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kó yí imú rẹ̀ kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ti ń gbàgbé ẹ̀kọ́: bí dróònù bá ti kọjú sí ọ, òsì tìrẹ ti di ọ̀tún tiẹ̀, ibi tó o rò pé o ń tì í sí kọ́ ló ń lọ. Òtútù oṣù Kìíní sì ń jẹ bátìrì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí páálí kì í pé níbẹ̀.

Nílé ńkọ́? Àyè ò wọ́n nílé. Pápá ilé ìwé wà, ojú ààfin wà, oko wà. Ìwé ló wọ́n. Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé dróònù sókè láìgbàṣẹ, wọ́n sì ní kí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bó o bá gbé e gba pápákọ̀ wọlé láìsí ìwé yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rù tó ń ba ìjọba kì í ṣe ti ọmọdé: ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de dróònù ní gbogbo Àríwá Ìlà-Oòrùn nítorí ètò ààbò. Àmọ́ òfin tó ní ẹni tó fẹ́ ya ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ààrẹ kọjá, ó ti sọ gbogbo ìlú di arúfin. Òyìnbó gba bíi pọ́ùn mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ wọn forúkọ sílẹ̀. Tiwa le débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń gbìyànjú ẹ̀.

Ẹ sì wo òde ìnáwó ọjọ́ Sátidé. Dróònù á gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì, atẹ́gùn rẹ̀ á fẹ́ gèlè ìyá ìyàwó, alága ìdúró á ní kí gbogbo ayé gbójú sókè, kí wọ́n juwọ́. Ọmọ tó ń wà á ti kọ́ ọ lórí YouTube. Àṣẹ tó gbà ni ti olórí ẹbí, àti ti àwọn ọmọ àdúgbò tó ti fún ní nǹkan lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni wa tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa dróònù bẹ́ẹ̀ láago ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó lè mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

"Dádì, ẹ fi tiyín sílẹ̀ ní London o. Mo ní méjì."

"Ṣé o ní ìwé ẹ̀?"

"Ìwé wo, Dádì?"

"Ìwé àṣẹ."

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ ṣáà fi ìdajì owó ránṣẹ́. Màá kọ rìsíìtì fún yín."