Ẹ Yọ Wá Lọ́kọ̀ọ̀kan

Ìyá Ìbejì, ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó, mi ò ní pẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ pé èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí laptop àkọ́bí Ìyá Onírẹsì? Ẹ ò gbọ́? Níbo lẹ ń gbé nínú ilé yìí?

ThinkPad X230 tòkunbọ̀ ni. Láti 2012 ni irú rẹ̀ ti jáde, kò sì síbi tó ń dùn ún, àfi Wi-Fi. Ọmọ náà ra káàdì Wi-Fi tuntun, ó kì í sí i nínú, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yẹn ti to orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n fọwọ́ sí sínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun kí Windows tó dé rárá. Káàdì tí kò bá sí lára wọn, kò ní wọlé. Àfi bí àbúrò Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tó ń jókòó sẹ́nu géètì, tó ń bi àlejò pé ọmọ ta ni.

Ọmọ náà ní òun ò lè gbà, òun máa fi coreboot rọ́pò BIOS yẹn. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ètò tí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe, láìsan kọ́bọ̀. Ó ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà ni Ron Minnich ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999. LinuxBIOS ló ń jẹ́ kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2008. Los Alamos! Níbi tí wọ́n ti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì! Mo ní ṣé inú ilé tí gbogbo wa ń sùn ló fẹ́ gbé e wọ̀? Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ ni wọ́n so pọ̀ níbẹ̀, bí nǹkan bá sì ti ṣe ọ̀kan, BIOS rẹ̀ á dúró gbagidi, á máa retí ẹni tó máa wá tẹ bọ́tìnì. Mo ní irú rẹ̀ wà nílé wa: ọkọ Ìyá Aláṣọ, tí kì í jẹun àfi tí wọ́n bá pè é. Ẹ má ní mo sọ ọ́ o.

Ó kúkú bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Alhaja ló ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n forí korí bí... ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ ná. Ó yọ bátìrì, ó tú ibi ìtẹ̀wé kúrò, ó kan ṣíípù méjì tí BIOS wà nínú wọn, ọ̀kan 8MB, èkejì 4MB. Ó fi ẹ̀mú oníwáyà gbá wọn mú, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi. Páwà báńkì ló ń fún ìyẹn níná, kí wọ́n má lọ mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì. 3.3V ni ṣíípù yẹn ń fẹ́. Bí iná bá pọ̀ jù ú lọ, ó lè jóná. Kó tó kọ tuntun sí i, ó ṣe ẹ̀dà ètò àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi wọ́n wéra, wọ́n bára mu, ló bá kọ coreboot sí i. Ká ní Bàbá Ọlọ́kadà náà ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ rẹ̀... ẹ jẹ́ n parí eléyìí ná.

Bó ṣe ń dè é padà ló rántí RAM kan tó ti rà pamọ́, ó kì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó tan án. Fáànù ń fẹ́, iná wínníwínní ń tàn, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Háà! Ilé dàrú. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé coreboot ni? Ìyá Onírẹsì ní ayé ti rí ọmọ òun, ojú mi ló sì ń wò! Èmi tí mo kàn yọjú lójú fèrèsé.

Ọmọ náà ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó mú ẹ̀dà tó ti ṣe, ó dá ètò àtijọ́ padà sáyè rẹ̀. Ó tan án, ó ṣú bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ ò rí i? Coreboot ti kó jáde, wàhálà ò bá a lọ. Ló bá yọ RAM tuntun yẹn. Ojú ẹ̀rọ là gbòò! Ó tún coreboot kọ padà, ó tàn. Ó ki káàdì Wi-Fi bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni.

Nǹkan méjì ló wọ ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ kan náà o, Ìyá Ìbejì. RAM la mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura sí i. Èyí tórúkọ rẹ̀ ṣàjèjì létí wa la gbá mú.

Bí wọ́n ṣe ṣe mí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ Alhaja àti tọ́ọ̀ṣì ti dé etí bàbá rẹ̀, wọ́n ní èmi ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sí Ìlọrin fún ìsìnkú, ṣé òfófó sinmi nílé yìí? Ẹ̀yin náà kúkú wà lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní ẹ̀yin ni o! Mo kàn ní kí wọ́n yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni.