Ta Ló Mú Ṣénjì Mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti obìnrin kan di tọkọtaya ní Òṣòdì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà ò mọ tèmi. Kò sí ìdána, alága ìjókòó ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹdọ́ ló so wá pọ̀.

Ní Ìyànà Ìpájà, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan sínú dáńfó ni kọ̀ǹdọ́ ti ka òfin: "Òṣòdì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣénjì yín o! Mi ò ní ṣénjì o!" Gbogbo wa la gbọ́. Gbogbo wa náà la di ẹgbẹ̀rún kan náírà mú wọlé, olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíràn ni yóò mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá. Ní Dọ̀pẹ̀mú mo na owó mi sí i. Ó gbà á, ó ká a tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi há àárín ìka mọ́ àwọn yòókù. "Ṣénjì yín ń bọ̀, bọ̀dá."

Àlejò Èkó lè rò pé ohun tí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ ti gbéra. Rárá o. "Ó ń bọ̀" ni ọ̀nà ọ̀wọ̀ tí ìlú yìí fi ń sọ fún èèyàn pé kó lọ jókòó. Iná ń bọ̀. Omi ẹ̀rọ ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí Látìfù Jákàńdè dáwọ́ lé nígbà tó jẹ́ gómìnà, tí ìjọba ológun fagi lé ní 1985, òun náà ń bọ̀ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kí á tó wọ èyí àkọ́kọ́ láti Marina dé Máìlì Tú. Ẹni tí kọ̀ǹdọ́ bá jẹ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárọ̀, kó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Ọgbọ́n wà nínú bíbéèrè ṣénjì. Bí èèyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹdọ́ á bi í pé ṣé òun jọ ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ́lé ni. Bó bá pẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kan títì, ọkọ̀ á sì ti ṣí. Láti Simẹ́ńtì dé Ilé Zik, mi ò wo ìta mọ́. Ọwọ́ kọ̀ǹdọ́ ni mò ń ṣọ́ bí àgbébọ̀ adìẹ ṣe ń ṣọ́ àṣá. Bàbá kan lẹ́yìn ti sùn láti Mángórò, ó ń hanrun. Bí ọkọ̀ ṣe já sí kòtò ní Ṣógúnlẹ̀, ó ta jí, kó tó la ojú tán, kó tó mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Ṣénjì mi!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tí gbogbo wa ń rò ló sọ.

Ọkọ̀ ò tíì dúró tán ní Òṣòdì tí kọ̀ǹdọ́ fi fa ẹgbẹ̀rún kan yọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó nàka sí ìyá kan tó gbé abọ́ ẹja yíyan lé itan. "Ẹ̀yin àti ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ jọ lọ ṣẹ́ ẹ." Ọkọ̀ lọ. Ní Rẹ́jísírì Ìkòyí, wọ́n á kọ́kọ́ lẹ orúkọ àfẹ́sọ́nà síta fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹni tó bá ní àtakò lè yọjú. Tiwa ò tó ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún, kò sì sí ẹni tó bi wá bóyá a gbà.

Mo ti jókòó ro ọ̀rọ̀ ṣénjì yìí. Nígbà tí owó ẹyọ wà lóde, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹrù ni, mo gbà, ṣùgbọ́n báwo ni ẹlẹ́kọ ṣe fẹ́ sọ pé òun ò ní ṣénjì? Èèyàn á ka iye ẹyọ tó tó ẹ̀kọ, ó parí. Òyìnbó dé, ó kó ọ̀níní tó dáhò láàárín wá, ó kó tọ́rọ́, sísì àti ṣílè wá. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 la bọ́ sí náírà àti kọ́bọ̀. Ní 2007, wọ́n tún rọ owó onírin tuntun: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà méjì. Ẹyọ náírà méjì kan ṣì wà nílé mi. Òun la fi ń ṣí ìdérí agolo mílíìkì, ó sì mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ sì wò ó o, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ káàdì tí a fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT lórúkọ, Cowry ni wọ́n pè é. A rìn yí ká ayé, ọ̀dọ̀ owó ẹyọ náà la padà sí, àfi pé tòde òní kò ṣeé fi dá ẹẹ́rìndínlógún.

Níwọ̀n bí owó kékeré ò ti sí mọ́, kálukú ti ń rọ tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé súìtì ni ṣénjì wọn. Mo fara balẹ̀ kó wọn jọ fún oṣù méjì, ó pé mẹ́rìnlá, mo kó wọn padà lọ fi ra ọṣẹ. Ọmọbìnrin tó ń gbowó wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Nígbà tó ń jáde lọ́wọ́ wọn, owó ni. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló di súìtì. Oníkẹ́mísítì tiẹ̀ sàn díẹ̀. Parasitamọ́ọ̀ méjì ló fún mi, ó ní kí n máa mú un lọ́wọ́, orí á fọ́ mi láìpẹ́. Kò parọ́.

Àmọ́ kọ̀ǹdọ́ àti oníṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ni wọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Onílé ni ọ̀gá. Òfin ilé yíyá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà dára. Kò kàn dé Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island ni. Ìpájà ni mò ń gbé, òfin dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ejẹ́ńtì tó mú mi wá ń gbowó bí ará Ìkòyí. Lẹ́yìn owó ilé, ó gba ti ejẹ́ńtì, ó gba ti àgíríméǹtì, ó wá gba èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n, tí onílé á dá padà lọ́jọ́ tí mo bá kó jáde. Ṣénjì ni ìyẹn, bí a bá wò ó dáadáa. Irú rẹ̀ ni onílé tí mo gbé ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo kó jáde. Ó yẹ iyàrá wò, ó rí ìṣó kan tí mo fi gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa kọ́. Ó ní ìṣó yẹn ti jẹ kọ́ṣọ̀n mi tán. Ìṣó kan ṣoṣo!

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi ti Òṣòdì. Wàhálà àkọ́kọ́ nínú ìgbéyàwó wa ni ta ni yóò di owó mú. Mo dì í mú. Ó di apá ẹ̀wù mi mú. "Dádì, ẹ má bínú o, ojú yín jọ ojú ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n Òṣòdì la wà." Mo ní kò sí ìbínú, Mọ́mì. Báyìí la ṣe kọjá láàárín àwọn oníbàtà, òun lórí ẹja, èmi lórí owó. Oní-POS ní òun kì í ṣẹ́ owó, òun ń ta owó ni. Mi ò lè bá a jiyàn. Oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọn náírà ńlá, ọ̀dọ̀ irú rẹ̀ ni gbogbo wa ti fowó ra owó. Ẹlẹ́pà ló gbà wá, ó ní ká ra ẹ̀pà igba náírà ná.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ̀pà nínú wa. A rà á. Ẹlẹ́pà kó ẹgbẹ̀rin padà: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kan, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ìyá ẹlẹ́ja mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó bu ìdajì ẹ̀pà, ó gbé abọ́ rẹ̀ karí. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ó jẹ mí ní ọgọ́rùn-ún. Òun náà ṣírò rẹ̀, ó gbà pé òótọ́ ni. Kò ní ṣénjì. Ó gba nọ́ńbà mi, ó ní bí òun bá dé ìsọ̀, òun á fi ránṣẹ́. A sì pínyà bí ọmọlúàbí.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù mi dún. Mo wà ní balùwẹ̀, ìyàwó mi, ti ilé, gbé e. "Dádì Òṣòdì! Ṣé ẹ ti rí i gbà? Báńkì ti yọ ọ́ lọ́wọ́ mi láti ìrọ̀lẹ́ o."

Mo jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Mo ròyìn láti Ìyànà Ìpájà dé orí ẹ̀pà, n kò fo ibi kankan. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi.

"Bàbá Bísí, mo ti gbọ́. Ṣénjì owó búrẹ́dì tí mo fún yín lánàá ńkọ́?"

Mo ní ó ń bọ̀.