Ẹ̀ńjíníà Wi-Fi

Kò sí àdúgbò kan l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn tí kò ní tirẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. "Ẹ̀ńjíníà" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nípa báàgì dúdú tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bó bá ṣí i, ẹ óò rí wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ewúrẹ́, fláàṣì mélòó kan tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí ohun tó wà nínú wọn mọ́, àti ọ̀rá kan tó kún fún ádápítọ̀ Wi-Fi, àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sí ihò USB, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀" lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún ìyá tó bá pè é wá tún láptọ́ọ̀pù ṣe, kó tiẹ̀ tó tan láptọ́ọ̀pù náà rárá.

Iṣẹ́ kì í wọ́n ọn. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti sin ẹlòmíràn nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó dé Ọ̀tìgbà, nínú ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Kò ní í pẹ́ tí Wi-Fi inú wọn á dákẹ́. Nígbà mìíràn, káàdì inú rẹ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Nígbà mìíràn sì rèé, ọmọ kan nínú ilé ló fọwọ́ kan bọ́tìnnì tó ní àwòrán bàálù, tí Wi-Fi fi kú pátápátá. Ẹ̀ńjíníà kì í wo bọ́tìnnì. Owó kankan kò sí nídìí bọ́tìnnì.

Ádápítọ̀ lowó wà nídìí rẹ̀. Ẹ wo páálí rẹ̀: wọ́n kọ 600 Mbps gàdàgbà sí i lára. Ẹ̀ńjíníà á fìka tọ́ka sí i. "Màámi, ẹ̀ ń wo nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ẹgbẹ̀ta! Ẹ ò ní í tíì gbọ́wọ́ kúrò lórí YouTube tí á ti ṣí." Kò sọ fún Màámi, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀, pé ìṣirò ọlọ́jà ni. Ọ̀nà méjì ni irú ádápítọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà: lórí 2.4 GHz, 150 ló lè gbé. Lórí 5 GHz, 433. Àwọn tó ṣe é ro méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 583, wọ́n wá fi díẹ̀ kún un kó lè dùn ún pè. Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀nà méjèèjì ló lè tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí MiFi ilé Màámi kò bá mọ̀ ju 2.4 GHz lọ, a ti já bọ́ sórí 150 nìyẹn, 150 orí páálí, èyí tí kì í wọlé pé. Ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì gbé dé ilé náà ni ádápítọ̀ lè mú. Kò ní tirẹ̀ tó fẹ́ fi kún un.

Ṣùgbọ́n orí dráífà leré ti ń dùn jù. Wọ́n fi sídì kékeré kan sínú páálí náà, inú rẹ̀ ni dráífà, ètò tí láptọ́ọ̀pù fi ń bá ádápítọ̀ sọ̀rọ̀, wà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní kò sì ní ibi tí èèyàn ń ki sídì bọ̀ mọ́. Ẹ̀ńjíníà á gbé sídì náà sókè, á wò ó síwá, á wò ó sẹ́yìn, á sì dá a padà sínú páálí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"A máa wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Màámi."

Màámi béèrè jẹ́jẹ́, bí àgbà ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀: "Ṣebí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni kò sí tí mo fi pè ọ́?"

Ẹ̀ńjíníà kì í dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù wọn wá. Ó fi wáyà cháájà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó tẹ ibì kan lójú fóònù náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọlé wẹ́rẹ́, láìsí ádápítọ̀, láìsí dráífà. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Nǹkan tí Màámi ń wá láti àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀ lójú wọn yẹn. Fóònù Android tí wáyà so mọ́ láptọ́ọ̀pù lè fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ á fi ṣú; bí fóònù náà bá wà lórí Wi-Fi ilé, Wi-Fi ọ̀hún gan-an ló sábà máa ń gbé fún un. Bí Ẹ̀ńjíníà ṣe ń ṣe tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Kò kàn bá a dé etí Màámi ni.

Ó yẹ kí Ẹ̀ńjíníà wo ṣíìpù tó wà nínú ádápítọ̀ ọ̀hún, kó wá dráífà rẹ̀ lọ tààrà. Fáìlì kékeré báyìí ni. Orúkọ kan náà lè wà lára páálí méjì, kí ṣíìpù Realtek wà nínú ọ̀kan, kí ti MediaTek wà nínú èkejì, dráífà tọ̀hún kò sì ní í ṣiṣẹ́ fún tìhín. Ẹ̀ńjíníà kò ráyè ìyẹn. Dráífà gbogbo ayé ló ń wà jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gígábáìtì lórí gígábáìtì, lórí dátà Màámi. Nígbà tó bá fi parí, bùráúsà tí ẹnikẹ́ni kò pè ti wọlé jókòó, nǹkan kan tó ní òun ń lé fìrọ́ọ̀sì sì ti ń béèrè owó lójú kọ̀ǹpútà.

Wi-Fi á wá wọlé. Ariwo á sọ. Kí Màámi tó ka ìròyìn kan tán, Wi-Fi ti tún lọ.

Ibi tí ẹ̀bi máa ń gbà rèé, mo sì ti wòye pé kì í yí ètò rẹ̀ padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa kọ́kọ́ jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, iná ilé yín kò dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ bátìrì ni láptọ́ọ̀pù ń lò. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri yín ti nípọn jù, Màámi, ilé àtijọ́ ni. Tó bá tún kan Windows, ẹ yáa múra: a máa fọ́ọ̀màtì ẹ̀ ni. Pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ tó wà ní yunifásítì wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn o! Ádápítọ̀ nìkan ni kò dé iwájú adájọ́ rí.

Ohun tó sì sábà máa ń mú kí Wi-Fi lọ bẹ́ẹ̀ kò le. Windows ní àyè láti pa ádápítọ̀ kó lè tọ́jú bátìrì. Àpótí kékeré kan wà ní Device Manager tí èèyàn á yọ àmì inú rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun kejì ni ihò USB 3.0. Iléeṣẹ́ Intel fúnra wọn kọ ọ́ síta lọ́dún 2012 pé ariwo tó ń jáde lára USB 3.0 máa ń da 2.4 GHz láàmú. Torí náà, bí ádápítọ̀ bá fara ti fláàṣì tàbí háàdì USB 3.0 tó ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ lè di. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀ńjíníà bá já ádápítọ̀ yọ tìbínú-tìbínú, tó tì í bọ ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Wi-Fi á dúró ṣinṣin. Á fẹ̀yìn ti àga. "Ìrírí nìyẹn, Màámi. Wọn kì í kọ́ èèyàn ní yunifásítì."

N kò pè é lólè. Àwọn kan wà ní Ọ̀tìgbà tó jẹ́ pé abẹ́ awò ni wọ́n ti ń fi iná jó òjé mọ́ ara bọ́ọ̀dù, tí ohun tó ti kú á sì dìde lọ́wọ́ wọn. Àwọn yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ńjíníà tiwa, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, àwa náà la sì ń sanwó ẹnu fún un, torí pé ọkàn wa máa ń balẹ̀ tó bá ti sọ̀rọ̀.

Tó bá ku owó, á ní: "Ohun tí ẹ bá fún mi náà ni." Ẹ wá fún un ní ohun tí ẹ ní. Á wo owó náà, á wo ojú yín, á tún wo owó náà. "Màámi, ẹ ò ka tàǹsípọ́ọ̀tù mọ́ ọn." Ilé kẹta sí tiyín ló ń gbé. Ẹ béèrè wáráńtì. "Ó ṣáà ṣiṣẹ́ lójú yín báyìí, àbí kò ṣiṣẹ́?"

Nígbà tí akọ̀wé ìjọ Màámi ń ráhùn pé Wi-Fi kò wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, Màámi ló kọ́kọ́ dáhùn: "Mo ní ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa." Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ti gbó, USB 2.0 nìkan ló ní, irú ihò bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbé ju 480 Mbps lọ bó ti wù kó rí. Ẹ̀ńjíníà kò tíì fojú kàn án. Orí fóònù ló ti sọ fún wọn pé ti ọ́fíìsì yẹn, 1200 ni wọ́n máa lò, èyí tó ní áńtẹ́nà méjì, kí wọ́n sì tètè fi owó ránṣẹ́ torí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo.