Oríkì Kẹ́ẹ̀gì, Baba Ẹja

Kẹ́ẹ̀gì o! Ẹni tó dé fìlà, kó ṣí i.
Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, pupa rúsúrúsú,
ọmọ òróró tó kúrò nílé òróró, tó lọ di baálẹ̀ ẹja.
A-níkùn-má-nífun.
Wọ́n fi ọ̀bẹ gbígbóná dá ihò sí i léjìká, ó ní ilà ìdílé ni wọ́n kọ fún òun.

Àwọn Owé ti Kàbà ní Ọbàró, wọ́n ní Ọbadọ́fin, wọ́n ní Ọbajẹmu, wọ́n sì ń bèèrè ìdílé kí wọ́n tó fi ẹnikẹ́ni joyè. Ta ló bèèrè tìrẹ? Ìwọ fúnra rẹ lo fi ara rẹ jẹ Ọbadominù, o ń jọba láti Lọ́kọ́ja dé Kàbà, kò sí kòtò ojú títì tí o kì í bu omi fún mu. Búùtù mọ́tò rin gbingbin, ṣòkòtò dírẹ́bà rin gbingbin. Ó dùn mí fún ọ pé wọ́n ti da kọnkéré sí ọ̀nà Ọbájànà sí Kàbà, kìlómítà 43 gbáko. Ọlá rẹ ti dín kù.

Ẹni tó bá ń kó lọ sílé tuntun, tó ní àrọ̀ nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé, tàbí goldfish nínú àpótí dígí ní pálọ̀, orúkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ pè. Wọ́n á kó àrọ̀ kún inú rẹ fọ́fọ́, oòrùn ọ̀sán á máa pa ọ́, wọ́n á tún yà jẹ iyán lọ́nà. Bí wọ́n bá dé, àrọ̀ ṣì ń jà. Gbogbo ilé á ní, “Kẹ́ẹ̀gì mà ṣe é o!”

Irọ́ ńlá! Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè bí èmi àti ìwọ, bó ṣe ń yọrí gbẹ̀ẹ́ lójú omi nìyẹn. Òun ló gba ara rẹ̀ là, ìwọ lo ń jó síyìn rẹ̀.

Akíkanjú tó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ra ìyìn!

Goldfish ò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n da òun náà sí ọ, tó sì léfòó ní ìdojúdé, ṣé wọ́n bá ọ wí? Wọ́n ní àwọn àgbà àdúgbò tuntun ló ṣe é.

Jẹ́ kí n ka àwọn ọ̀tá rẹ fún ọ, nítorí ọba tí ò lọ́tàá kì í ṣe ọba. Ọ̀tá rẹ ni ẹni tó ń febi pa ẹja fún ọjọ́ kan ṣáájú ìrìnàjò, kí ìgbẹ́ wọn má baà sọ omi di májèlé amóníà. Ọ̀tá rẹ ni ẹni tó ń jí lọ ní ìdájí, tó ń bu omi ilé àtijọ́ dání, tí kì í kó ẹja púpọ̀ síbi kan. Ó mọ̀ pé omi lítà 100, kílò 100 ni, nítorí náà òfìfo ló ń gbé àpótí dígí, kó má là sẹ́yìn ọkọ̀. Kànìnkànìn asẹ́ omi ńkọ́? Kò jẹ́ kó gbẹ, torí inú rẹ̀ ni àwọn bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí wà. Bó bá débẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń po omi tuntun mọ́ ti àtijọ́. Bó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì, á kọ́kọ́ jẹ́ kó sinmi ní gbangba. Orogún rẹ sì ni ọ̀rá tí wọ́n bu omi ìdá kan sí, tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn ìdá méjì kún. Arẹwà ni, àmọ́ ìyẹn ò lè gbé òróró.

Ṣé kí á lọ bá àwọn ahunṣọ Bùnú pé kí wọ́n hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa ìsìnkú ìjòyè, dè ọ́? Ike kì í jẹrà. A ò ní rójú ọjọ́ tí a ó sin ọ́.

Kábíyèsí, ẹja ti wà nínú bàsíà, mọ́tò ti ń dúró, ìbéèrè kan ló kù: ṣé kẹrosínì ni wọ́n fi ọ́ rà lánàá, àbí oògùn apakoríko?