Oríkì Àwọn Tí David Kò Yà

Meletus o! Jẹ́ kí n kì ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń kì ọ́ mọ́.
Onírun gbọọrọ, onírùngbọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí Plato ti júwe rẹ nìyẹn.
Akọni tó wo gbogbo Áténì yíká,
tí kò rí ẹni bá jà
àfi Socrates, bàbá ẹni 70 ọdún tí kì í wọ bàtà.
O ní àwọn akéwì lo ń gbèjà wọn.
Ewì wo ni tìrẹ, tí ẹnikẹ́ni ń ké lónìí?

Anytus o! Ọlọ́rọ̀ inú awọ,
a-sáwọ-kó-gbẹ, tó fẹ́ sá ọgbọ́n náà gbẹ.
Bàbá bi ọ́ pé ta ló lè kọ́ ọmọ ní ìwà rere,
ìbínú lo fi dá a lóhùn,
o ní kó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀.
Kò ṣọ́ ọ. O bá a wá ikú tó pa ẹnu náà dé.

Lycon o! A-sọ̀rọ̀-má-ṣẹ́kù!
Gbogbo àlàyé tó o ṣe ní kóòtù lọ́jọ́ náà,
gbólóhùn kan kò kù nínú rẹ̀ fún wa.
Orúkọ rẹ ì bá ti parun pátápátá
bí kì í bá ṣe ti ẹni tó o bá wọn pa.

Ẹ̀yin mẹ́ta, a-fòfin-pani! Ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi lẹ ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ ní Socrates kò ka òrìṣà ìlú sí, ẹ ní ó ń mú òrìṣà tuntun wọlé, ẹ ní ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ẹ mú un lọ síwájú àwọn adájọ́ bí 500, tí obol mẹ́ta jẹ́ owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé 30 péré nínú wọn yí ìbò wọn padà, bàbá ì bá ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ìbò! Ìṣẹ́gun yín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà lẹ sì fi ń yangàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo àwòrán ikú májèlé tí wọ́n fi pa á. Jacques-Louis David, ọmọ Faransé, ló yà á, ó sì fi hàn nínú ìpàtẹ àwòrán ńlá ti Paris ní ọdún 1787. Láti ọdún 1931 ló ti wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ó fẹ̀ tó mítà méjì, nǹkan díẹ̀ ló kù. Ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ wá ara yín níbẹ̀.

Socrates jókòó lórí ibùsùn, aṣọ funfun lọ́rùn, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n tú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ nà sókè, ó ṣì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ bá ife májèlé, kò tilẹ̀ wò ó. Crito di itan rẹ̀ mú. Crito yìí ló ti tọ́jú owó àti ọ̀nà tí bàbá yóò gbà sá lọ. Bàbá kọ̀, ó ní òun kò ní rú òfin ìlú tó tọ́ òun dàgbà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin olófin! Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ń ba ìlú jẹ́ ló pa òfin ìlú mọ́ títí dójú ikú. Lọ́nà jíjìn, Xanthippe aya rẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn jáde, ó ń juwọ́.

Ní ìsàlẹ̀ ibùsùn, Plato jókòó, ó ti darúgbó, ó dorí kodò. Ẹni bí ọdún 28 ni Plato lọ́dún náà, àìsàn kò sì jẹ́ kó débẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. David pe ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá, ó fún un ní àga. Kò pe ẹ̀yin.

Ẹ wá wo ọkùnrin aláṣọ pupa tó gbé ife náà. Ó yí ẹ̀yìn sí bàbá, ó fi ọwọ́ bo ojú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló wá jẹ́. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kò dìbò. Òun ni ìtìjú bá. Ìtìjú tó jẹ́ tiyín, ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló bá yín rù ú! Ibẹ̀ ni àwòrán yìí ti ń dùn mí jù, ó dùn mí ju ife májèlé náà lọ.

Ẹ má tíì lọ. Ẹ sún, ẹ fún ẹnì kan láyè láàárín yín.

David o! Ìwọ náà gba oríkì.
Ọlọ́wọ́ ọ̀dà, a-ya-ikú-bí-ẹni-ya-ìyè!
O buwọ́ lu àwòrán yìí lẹ́ẹ̀mejì,
ẹ̀ẹ̀kan lára ìjókòó Plato, ẹ̀ẹ̀kan lára ti Crito.
Ní oṣù kìíní ọdún 1793 o dìbò kí wọ́n pa ọba Faransé.
Kí ọdún náà tó parí o ti wọ ìgbìmọ̀ tó ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n,
ọwọ́ tó buwọ́ lu Socrates
ni ó ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó ènìyàn.
A-ya-ẹlẹ́wọ̀n-tán-kó-tó-wá-ẹlẹ́wọ̀n!

Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ àwòrán náà? Trudaine de la Sablière ni. Ní oṣù keje ọdún 1794, ẹ̀rọ ìbẹ́rí ní Paris bẹ́ òun àti arákùnrin rẹ̀ lórí. N kò sọ pé ọwọ́ rẹ ló buwọ́ lu ìwé tiwọn. Ìjọba tí ò ń buwọ́ lùwé fún ló pa wọ́n. O mọ ojú ẹni tí wọ́n fi òfin pa, o ti yà á, o ti gba owó rẹ̀, kò sì dá ọ dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, David. Ìwà rẹ kò tó o.