Ìbọ̀wọ́ Inú Àpò

Kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò ṣeé fẹnu ara ẹni sọ, torí náà "ọ̀gbẹ́ni" ni a ó máa pè é.

Ọ̀gbẹ́ni ń wá ọ̀nà tuntun láti so imí ọjọ́ mọ́ kábọ́ọ̀nù ní yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó. Iṣẹ́ gidi ni: imí ọjọ́ wà nínú pẹnisílìn, ó wà nínú omeprazole tí àwọn ọlọ́gbẹ́ inú ń lò. Àmọ́ benzyl mercaptan tó fẹ́ lò ń rùn kọjá sísọ. Ọ̀gá rẹ̀ kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta. Ó gbọ́. Ó kàn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi í sápò ṣòkòtò, ó wọ dánfó.

Ní Ọ̀jọ́ta ni ìyá kan figbe ta: "Gáàsì ń jò o!" Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ ń wá sílíńdà lábẹ́ àga, ọ̀gbẹ́ni sì ń bá a wá a. Kí ni kó tún ṣe?

Ìyá náà kò ṣìmọ̀. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kì í rùn. Ethanethiol ni wọ́n ń fi sí i kí imú lè tètè mọ̀ pé ó ń jò. Ẹbí kan náà, tí wọ́n ń pè ní thiol, ni òun àti ohun tó wà lápò ọ̀gbẹ́ni.

Tirẹ̀ tiẹ̀ sàn. Ní 1889, nílùú Freiburg ní Jámánì, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì Baumann àti Fromm ń gbìyànjú láti rí thioacetone, èròjà mìíràn tó ní imí ọjọ́ nínú. Òórùn rẹ̀ gba ìgboro kan: àwọn kan dákú, àwọn kan ń bì, àwọn mìíràn sá fi ilé sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni délé, ó rẹ ṣòkòtò náà sínú bílíìṣì. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni, torí bílíìṣì ń sọ thiol di ohun tí kì í rùn. Aṣọ aláró ló rẹ. Ohun tó yọ jáde rí tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn.

Ìgbà yẹn ló tó rántí thiourea, tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òun kì í rùn ní tirẹ̀. Tí ó bá pàdé benzyl chloride, iyọ̀ funfun ni wọ́n ń dì. (Benzyl chloride ń ta ojú, ṣùgbọ́n kì í báni wọ dánfó.) Bí a bá wá da omi caustic soda sí iyọ̀ náà, inú ìgò níbẹ̀ ni thiol yóò ti jáde, èròjà mìíràn yóò sì gbá a mú kó tó dé imú ẹnikẹ́ni.

Bí kò bá sí ẹni tó ṣí ìgò, àbí? Ọ̀gbẹ́ni ṣí i, ó fẹ́ wò ó bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sá jáde, akọ̀wé ẹ̀ka sì tẹ̀ lé e, tòun ti abọ́ ìrẹsì rẹ̀ lọ́wọ́.